Kúìlítì Olórúkọ: Bí A Ṣe Ń Rán Aṣọ Ìbora tí Orúkọ Ọ̀rẹ́ Kò Ní Ṣí Lára Rẹ̀

Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ ilé-ìwé girama bá parí ìdánwò àṣekágbá ní Nàìjíríà, wọ́n a máa kọ orúkọ sára ṣẹ́ẹ̀tì funfun ara wọn. Máákà tó bá wà lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Kò ní pẹ́ tí ẹni tó fẹ́ tọ́jú irú ṣẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ á fi rí i pé tàdáwà ti ràn kiri, ó ti pọ́n, orúkọ ò ṣeé kà mọ́. Àwọn obìnrin Amẹ́ríkà ti bá ìṣòro yìí wọ̀yá ìjà ní nǹkan bí 180 ọdún sẹ́yìn, wọ́n sì borí rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ọwọ́ wọn ṣe ni à ń pè ní kúìlítì olórúkọ.

Kúìlítì jẹ́ aṣọ ìbora onípele mẹ́ta. Ègé aṣọ tí a rán pọ̀ ló wà lójú, òwú tí a tẹ́ pẹrẹsẹ ló wà láàárín, aṣọ odidi ló wà lẹ́yìn, a wá fi abẹ́rẹ́ gún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kí wọ́n má baà yẹ̀ lára ara wọn. Ègé kọ̀ọ̀kan tó dá dúró lójú rẹ̀ là ń pè ní búlọ́ọ̀kù. Bí orúkọ èèyàn kan bá wà lórí búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan, kúìlítì olórúkọ nìyẹn. Bí gbogbo búlọ́ọ̀kù bá jẹ́ irú kan náà, kúìlítì ọ̀rẹ́ ni wọ́n sábà máa ń pè é. Bí oníkálukú bá ṣe àrà tirẹ̀, wọ́n á pè é ní alíbọ́ọ̀mù.

Lẹ́yìn 1840 ni àṣà yìí gbilẹ̀, ó sì nídìí. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ orúkọ àti ewì kúkúrú sínú ìwé alíbọ́ọ̀mù fún ara wọn. Aṣọ òwú alárà sì ti di ohun tí owó ká. Lákòókò yẹn kan náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé ń kó ẹrù sórí kẹ̀kẹ́ ẹṣin lọ sí ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ọ̀nà jíjìn tí ọ̀pọ̀ kò ní padà láti ibẹ̀ mọ́. Àwọn tó kù sílé á pín búlọ́ọ̀kù rán, oníkálukú á kọ orúkọ rẹ̀ sí i, wọ́n á dì í fún ẹni tó ń lọ. Àwọn Quaker, ìyẹn ìjọ Kristẹni kan, ní agbègbè Philadelphia àti àfonífojì odò Delaware rán púpọ̀ nínú wọn. Ní Baltimore, láàárín nǹkan bí 1846 sí 1852, àwọn obìnrin tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì rán alíbọ́ọ̀mù tó kún fún òdòdó, apẹ̀rẹ̀ èso àti ẹyẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ṣì ń ya àwọn tó mọ abẹ́rẹ́ dì mú lẹ́nu di òní.

Ìdí tó ṣe kókó jù lọ ni tàdáwà. Tàdáwà àtijọ́, irin àti oje kókó ara igi óákù ni wọ́n fi ń ṣe é. Ásíìdì inú rẹ̀ àti irin náà á máa jẹ aṣọ díẹ̀díẹ̀. Nínú àwọn kúìlítì tó ti gbó, ẹ lè rí ihò tó rí bí orúkọ gẹ́lẹ́, nítorí ibi tí wọ́n kọ̀wé sí ti jẹrà dànù. Láàárín 1830 sí 1840 ni tàdáwà aṣọ tí kò tètè ba aṣọ jẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wà lọ́jà, irú bíi Payson's. Bí kò bá sí irú tàdáwà bẹ́ẹ̀, àwọn orúkọ tí à ń kà lónìí ì bá ti di ihò.

Nítorí náà, bí ẹ ti ń bá iṣẹ́ yìí lọ, ẹ fi í sọ́kàn pé orúkọ ni ẹrù, aṣọ ló rù ú. Bí ojú rírán bá wọ́, ẹ lè tú u. Orúkọ tó bá ṣí kò ṣeé dá padà.

Ìwọ̀n àti ohun èlò

Kúìlítì tí a fẹ́ ṣàlàyé yìí gba orúkọ 48. Búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínṣì 6 ní gígùn àti ní ìbú lẹ́yìn rírán, mẹ́fà ní ìbú, mẹ́jọ ní gígùn. Ìyẹn jẹ́ ínṣì 36 sí 48. A ó fi ìgbátí oní-ínṣì 6 yí i ká, gbogbo rẹ̀ á wá di ínṣì 48 sí 60. Ó tó bo ẹsẹ̀ lórí àga, ó sì tó gbé kọ́ ara ògiri.

Ìṣirò wa dá lórí aṣọ tí ìbú rẹ̀ tó ínṣì 42 lẹ́yìn tí a bá gé etí rẹ̀ líle kúrò. Aṣọ funfun tí à ń kọ orúkọ sí gba yáàdì 1½. Aṣọ alárà tí a ó fi ṣe igun búlọ́ọ̀kù, ègé onígun mẹ́rin 48 la nílò, ínṣì 5¾ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Gígé àǹkárá tí télọ̀ kó sínú àpò tó fún un, kò pọn dandan kí wọ́n bára mu. Ìgbátí àti ọ̀já tí a fi ń di etí gba yáàdì 1½ láti ara aṣọ kan náà. Aṣọ ẹ̀yìn gba yáàdì 3½. Òwú àárín gbọ́dọ̀ tó ínṣì 54 sí 66. Níbi tí ooru bá wà, ẹ fi búláńkẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ti gbó dípò òwú. Yóò fúyẹ́, á sì gbẹ kíákíá bí ẹ bá fọ̀ ọ́.

Òwú pọ́ńbélé ni kí gbogbo aṣọ náà jẹ́. Bí ẹ kò bá dá a lójú, ẹ fa fọ́nrán mélòó kan yọ, kí ẹ tiná bọ̀ ọ́. Òwú gidi máa ń rùn bíi bébà tó ń jóná, ó sì máa ń di eérú. Èyí tí wọ́n fi ike ṣe á yọ́, á ṣù pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ líle. Aṣọ oníke kò lè gba ooru áyọ́ọ̀nù tí a fẹ́ fi de tàdáwà.

Fífọ aṣọ

Ẹ fọ gbogbo aṣọ kí ẹ tó gé ohunkóhun. Ìdí méjì ló wà fún un. Oje tí ilé iṣẹ́ fi ń mú aṣọ funfun le kì í jẹ́ kí tàdáwà wọ inú fọ́nrán. Orí oje yẹn ni yóò dúró sí, yóò sì bá omi ìfọṣọ àkọ́kọ́ lọ. Ọṣẹ lásán tó, ẹ má fi ohun tó ń mú aṣọ rọ̀ sí i lẹ́yìn fífọ̀, torí ọ̀rá inú rẹ̀ á tún dènà tàdáwà.

Ìdí kejì ni àwọ̀ tó ń ṣí. Kí ẹni tó bá fẹ́ lo àdìrẹ aláró ṣọ́ra gidigidi. Aró tí kò bá tíì ṣí tán á kun ọ̀já funfun ní búlúù, orúkọ á sì bọ́ sínú rẹ̀. Ẹ máa ṣan án títí omi á fi mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ègé aṣọ funfun tútù lé e lórí, kí ẹ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Bí funfun náà bá gba àwọ̀, ẹ mú aṣọ mìíràn. Irú ìṣòro yìí ló jẹ́ kí àwọn obìnrin ìgbà náà fẹ́ràn aṣọ pupa tí wọ́n ń pè ní pupa Tọ́kì. Láti ara gbòǹgbò ewé kan ni wọ́n ti ń ṣe é, ó gba ìpele púpọ̀, àmọ́ kì í ṣí.

Gígé ọ̀já funfun àti kíkọ orúkọ

Ẹ gé ọ̀já funfun 56, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínṣì 2⅝ ní ìbú àti 10 ní gígùn. Mẹ́rin-mẹ́rin ló máa jáde láti ìbú aṣọ. Mẹ́jọ tó lé jẹ́ fún àwọn tó bá ṣàṣìṣe, a ò sì tíì rí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ṣàṣìṣe.

Ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà tín-ín-rín ní ínṣì ½ sí etí gígùn méjèèjì, kí ẹ tún fà á ní ínṣì 2½ sí orí méjèèjì. Àyè tó kù láàárín jẹ́ ínṣì 5 ní gígùn. Inú rẹ̀ ni orúkọ gbọ́dọ̀ mọ. Ẹni tó bá kọ ọ́ kọjá ìlà, ojú rírán ló máa gbé lẹ́tà rẹ̀ mì.

Kíkọ orúkọ ló máa ń ṣáájú rírán. Bí ẹnì kan bá da tàdáwà sórí ọ̀já, ọ̀já kan ṣoṣo lẹ sọ nù. Bó bá dà á sórí búlọ́ọ̀kù tí ẹ ti rán, wákàtí iṣẹ́ lẹ sọ nù.

Kálàmù tí tàdáwà inú rẹ̀ jẹ́ ìyẹ̀fùn àwọ̀, tí omi kì í tú, ni kí ẹ lò. Pigma Micron wà lára èyí tí àwọn aránkúìlítì gbẹ́kẹ̀ lé. Nọ́ńbà 05 tàbí 08 ló dára. Èyí tó jẹ́ 01 tín-ín-rín jù, ẹnu rẹ̀ á tètè tẹ̀ bí ọwọ́ bá wúwo. Báírò máa ń ràn, á sì ṣí. Máákà onísípírítì máa ń tàn jáde lára fọ́nrán, á ní òjìji yí lẹ́tà ká, tó bá yá á pọ́n. Ohun tó ń ba ṣẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ ilé-ìwé jẹ́ gan-an nìyẹn.

Ẹ tẹ́ ọ̀já sórí sáńpépà tó kúnná, irú èyí tí káfíńtà fi ń dán igi. Aṣọ ò ní yọ̀ lábẹ́ ọwọ́, pàápàá fún àwọn àgbàlagbà tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Kí wọ́n rọra kọ̀wé, kí wọ́n gbé kálàmù díẹ̀díẹ̀, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí kálàmù bá dúró sójú kan, tàdáwà á kó jọ síbẹ̀. Ẹ fún oníkálukú ní ègé aṣọ mìíràn kó fi dánra wò ṣáájú.

Ẹ má gbàgbé àmì. Orúkọ Yorùbá tí kò ní àmì ohùn lè di orúkọ ẹlòmíràn, ọmọ-ọmọ tó bá kà á ní ọgọ́ta ọdún sí i ò ní rẹ́ni bi. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fi àmì sí i bí wọ́n ti ń pè é, kí àmì ìsàlẹ̀ sì jìnnà díẹ̀ sí lẹ́tà kó má baà dà bíi pé tàdáwà kán síbẹ̀.

Ẹni tí kò bá lè kọ̀wé kò gbọ́dọ̀ tìtorí ẹ̀ ṣẹ́yìn. Nínú ọ̀pọ̀ kúìlítì àtijọ́, ẹnì kan tí ọwọ́ rẹ̀ dára ló kọ gbogbo orúkọ. Àwọn mìíràn lo òǹtẹ̀ tàbí bébà tí wọ́n gé lẹ́tà sí.

Fún àwọn tó wà lókèèrè, ẹ fi ọ̀já ránṣẹ́ pẹ̀lú kálàmù, káàdì líle tí a fi píìnì há ọ̀já mọ́, àti ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gbà á padà. Ìlànà yìí ti pẹ́. Ní 1856, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Adeline Harris, tó wà ní Rhode Island, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ègé ṣẹ́dà funfun kéékèèké ránṣẹ́ sí àwọn gbajúmọ̀ káàkiri. Ọgọ́rùn-ún mẹ́ta àti ọgọ́ta orúkọ ló padà wá. Ààrẹ Amẹ́ríkà mẹ́jọ wà nínú wọn, Lincoln jẹ́ ọ̀kan, òǹkọ̀wé Charles Dickens àti Samuel Morse tó ṣe ẹ̀rọ tẹlígíráàfù náà sì wà níbẹ̀. Kúìlítì rẹ̀ wà ní Metropolitan Museum of Art ní New York.

Lẹ́yìn kíkọ, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún wákàtí 24. Ẹ wá fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tí kò lómi tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 20, lẹ́yìn náà ẹ tẹ ojú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀já kan tó bàjẹ́ dánwò: ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ wò ó bóyá ó ṣí.

Bí ẹ bá fẹ́ fi òwú kọ orúkọ

Fọ́nrán 2 nínú 6 ni kí ẹ yọ láti ara òwú ìkólẹ́tà. Ẹ máa padà sẹ́yìn gún un, kí ìgún kọ̀ọ̀kan má kọjá ínṣì ⅛. Ẹ fi ìgún kúkúrú kan ṣe àmì ohùn, kí ẹ fi kókó kan ṣe àmì ìsàlẹ̀. Ẹ má fa òwú láti orúkọ kan bọ́ sí òmíràn lẹ́yìn aṣọ, torí yóò hàn lójú bí òjìji.

Òwú pupa lórí funfun ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ kúìlítì ìkówójọ. Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn ẹgbẹ́ obìnrin inú ṣọ́ọ̀ṣì ti ń gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kí orúkọ òun wà níbẹ̀. Wọ́n sábà máa ń to orúkọ náà bí igi ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ẹni tó bá fẹ́ àárín á sì sanwó ju ẹni tó wà létí lọ. Ní December 1917, ìwé ìròyìn The Modern Priscilla tẹ àpẹẹrẹ kúìlítì Àgbélébùú Pupa jáde, pẹ̀lú ìlànà bí wọ́n ṣe lè fi kó dọ́là 1,000 jọ fún àwọn tí ogun ṣe léṣe. Ẹgbẹ́ tó bá ń kówó jọ fún ìkórè lè lo ọgbọ́n yìí bó ti wà. Nígbà tí aṣọ bá parí, wọ́n á tún ta òun fúnra rẹ̀ ní gbàǹjo.

Rírán búlọ́ọ̀kù

Ẹ gé onígun mẹ́rin alárà kọ̀ọ̀kan láti igun dé igun, yóò di onígun mẹ́ta méjì. Búlọ́ọ̀kù kan gba méjèèjì. Etí gígùn onígun mẹ́ta yìí ni àwọn télọ̀ ń pè ní báyáàsì, ó máa ń nà bí rọ́bà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ẹ má fà á, ẹ má sì wọ́ áyọ́ọ̀nù lórí rẹ̀. Ẹ gbé áyọ́ọ̀nù lé e, kí ẹ gbé e kúrò.

Ẹ ká ọ̀já funfun sí méjì láti mọ àárín rẹ̀, kí ẹ ká etí gígùn onígun mẹ́ta bákan náà. Ẹ fi ojú kan ojú, kí àárín méjèèjì bára mu, kí ẹ fi píìnì há a. Ẹ rán an pẹ̀lú ààyè ínṣì ¼. Ọ̀já ni kó wà lókè, onígun mẹ́ta ní ìsàlẹ̀, kí eyín ẹ̀rọ máa gbé báyáàsì náà lọ fúnra rẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì bákan náà. Ẹ tẹ ààyè ojú rírán sí apá alárà. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sí apá funfun, àwọ̀ dúdú á hàn lábẹ́ orúkọ.

Ẹ gé páálí líle kan ní ínṣì 6½ sí 6½. Ẹ fa ìlà láti igun sí igun, kí ẹ tún fa ìlà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jìnnà sí i ní ínṣì 1 àti ìdá mẹ́rìndínlógún kan. Ẹ gbé páálí náà lé búlọ́ọ̀kù, kí ìlà méjèèjì náà bọ́ sórí ojú rírán gẹ́lẹ́, kí ẹ wá gé gbogbo ohun tó yọ síta. Bí aṣọ kò bá tó páálí, ààyè rírán yín ti fẹ̀ jù, tàbí onígun mẹ́ta ti yẹ̀ kúrò ní àárín.

Ẹ má fojú kékeré wo ààyè ¼ yẹn. Bí ẹ bá fi ìdá mẹ́rìndínlógún ínṣì kan ṣoṣo yẹ̀ ẹ́, ojú rírán márùn-ún ló wà láàárín búlọ́ọ̀kù mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ méjì. Ó ti di ínṣì ⅝ kí ẹ tó dé òpin ìlà, ìgbátí ò sì ní bá a mu.

Títò

Ẹ to gbogbo búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ kí ẹ tó rán ọ̀kan mọ́ èkejì. Bí gbogbo ọ̀já bá kọjú sí ibì kan náà, ẹ máa rí ìlà gbọọrọ bí omi tó ń ṣàn. Bí ẹ bá ń yí ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, mẹ́rin-mẹ́rin á di dáyámọ́ńdì funfun, èyí ló wù wá jù.

Bí ẹ bá ń yí i, ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ yí i sí, bí aago ti ń yí. Orúkọ tó ń gòkè á wá máa sọ̀ kalẹ̀, àmọ́ a ṣì lè kà á láti òsì sí ọ̀tún. Bí ẹ bá yí i sí ọwọ́ òsì, orúkọ á dorí kodò. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ gan-an, ìgbà tí wọ́n bá gbé aṣọ kọ́ ògiri tán ni wọ́n sábà máa ń rí i.

Ẹ rán ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ ààyè rírán ìlà kìíní sí ọ̀tún, ti ìkejì sí òsì, bẹ́ẹ̀ títí. Bí ẹ bá wá so ìlà pọ̀, igun á wọnú ara wọn láìṣù. Ya àwòrán ibi tí orúkọ kọ̀ọ̀kan wà sórí bébà, kí ẹ tọ́jú rẹ̀.

Ìgbátí: ẹ gé mẹ́rin láti gígùn aṣọ, ínṣì 6½ ní ìbú àti 48½ ní gígùn. Méjì ẹ̀gbẹ́ ló ṣáájú, kí méjì òkè àti ìsàlẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Aṣọ tó bá ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ẹ ó gé ní ọ̀já ínṣì 2½ fún etí. Ínṣì 228 la nílò nígbà tí ẹ bá rán wọn pọ̀, márùn-ún sì tó o.

Pípa ìpele mẹ́ta pọ̀

Ẹ pín aṣọ ẹ̀yìn sí méjì, ínṣì 56 sí 56, kí ẹ rán an pọ̀ ní etí gígùn, kí ẹ gé e sí ínṣì 56 sí 68. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ojú rẹ̀ kọjú sí ilẹ̀, kí ẹ fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mọ́ ilẹ̀, kó nà díẹ̀ àmọ́ kó má fà. Òwú lé e, ojú kúìlítì lé òwú. Ẹ fi píìnì há a láti àárín lọ síta, ní gbogbo ínṣì 4. Ẹ má há píìnì sí orúkọ, torí ìpẹta lè dá sí i lára.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ rírán láti àárín. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti etí á rí i pé gbogbo àlékún aṣọ á kó jọ sí àárín. Ẹ rán an ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀já funfun méjèèjì, níbi tó ti pàdé alárà, kí abẹ́rẹ́ má gba orí orúkọ kankan kọjá. Ẹ ká ọ̀já etí sí méjì ní gígùn, ẹ rán an mọ́ ojú yí ká, kí ẹ yí i sẹ́yìn, kí ẹ fi ọwọ́ gún un mọ́lẹ̀.

Àkọlé ẹ̀yìn

Ẹ kọ ibi tí wọ́n ti rán an, ọdún, ìdí tí wọ́n fi rán an, àti ẹni tí wọ́n fún, sórí ègé funfun kan, kí ẹ rán an mọ́ igun ẹ̀yìn. Ní 1942, nígbà tí Japan kó àwọn obìnrin aráàlú sí ẹ̀wọ̀n Changi ní Singapore, àwọn obìnrin náà rán kúìlítì mẹ́ta. Ègé 66 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, oníkálukú sì kọ orúkọ rẹ̀ sí tirẹ̀. Ìkan wà fún àwọn ará Bírítéènì tó gbọgbẹ́, ìkan fún ti Ọsirélíà, ìkan fún ti Japan. Wọn ò lè kọ lẹ́tà sí ọkọ wọn tó wà ní apá kejì ọgbà ẹ̀wọ̀n náà, nítorí náà orúkọ orí aṣọ yẹn ló sọ fún àwọn ọkùnrin pé ìyàwó wọn ṣì wà láàyè. Méjì nínú wọn wà ní Australian War Memorial ní Canberra, ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ Àgbélébùú Pupa Bírítéènì.

Fífọ̀ àti títọ́jú

Omi tútù àti ọṣẹ tí kò le ni kí ẹ fi fọ èyí tí ẹ rán. Ẹ má fi búlíìṣì kàn án, ẹ má sì sá a sí oòrùn tààrà, òjìji ni kó ti gbẹ. Ẹ fi aṣọ funfun tó mọ́ wé e, kì í ṣe ọ̀rá, torí ọ̀rá máa ń ká ọ̀rinrin mọ́ ọn, á sì hu èbu. Ẹ máa tú u ká lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí ẹ ká a sí ojú ibòmíràn kí ìlà kíká má baà gé orúkọ. Bó bá jẹ́ kúìlítì àtijọ́ tí tàdáwà rẹ̀ ti ń jẹ aṣọ ni ẹ bá pàdé, ẹ má fọ̀ ọ́ rárá, ẹ má fi áyọ́ọ̀nù kàn án. Ẹ ya fọ́tò orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀ pẹrẹsẹ níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀.